Ìyá Ojú Fèrèsé àti Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Alága

Rárá o! Kì í ṣe pé ó máa ń yọjú lójú fèrèsé wo ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ń jáde ládùúgbò ni wọ́n fi ń pè é ní Ìyá Ojú Fèrèsé. Obìnrin tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ tí ẹsẹ̀ ti wú, níbo ló ti fẹ́ ráyè òfófó? Nọ́ọ̀sì ni. Nọ́ọ̀sì àwọn ọmọdé ni, ọdún kẹtàdínlọ́gbọ̀n rẹ̀ rèé nínú yàrá kan ṣoṣo yẹn tó wà lápá ọ̀tún béèyàn bá ti wọ ilé ìwòsàn, èyí tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé tí ọ̀dà rẹ̀ ti ń ṣí lára ògiri. Yàrá náà ò ju kí bẹ́ẹ̀dì kan, tábìlì kan, àga méjì àti òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ọmọ gbà á lọ. Àmọ́ ó ní fèrèsé kan. Fèrèsé ńlá ni, ó kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń yọ, ìdí fèrèsé yẹn gan-an ni orúkọ náà ti wá.

Ọmọ yòówù kí wọ́n gbé dé tí nǹkan sú sí lára, Ìyá Ojú Fèrèsé ò ní wò ó lábẹ́ iná mànàmáná. Ó ní iná mànàmáná ń purọ́. Á gbé ọmọ lọ sí ìdí fèrèsé, á bọ́ gbogbo aṣọ ọrùn rẹ̀, títí kan ìbọ̀sẹ̀. "Ọmọ tó bá ṣì wọ ìbọ̀sẹ̀, ó ń fi nǹkan pa mọ́ fún mi," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Á wá yí ọwọ́ rẹ̀ padà, á fi ẹ̀yìn ọwọ́ tọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ, ikùn, itan, á wo àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀, á ṣí ètè wò. Nígbà míì gan-an á di ojú rẹ̀. Dókítà ibẹ̀ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Màmá, ẹ tún ti ń ka ara ọmọ bí afọ́jú ṣe ń kàwé."

Wọn ò kúkú bí i bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe ló kọ́ ọ.

Ọdún kejì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni wọ́n gbé ọmọ kan wá, ara ọmọ gbóná, omi ń jáde lójú rẹ̀, ó ń húkọ́. Ìwé tí wọ́n fi kọ́ ọ níṣẹ́ sọ pé ara ọmọ tí èéyi bá mú máa ń pupa. Ó wá pupa títí, kò rí pupa. Báwo ló ṣe fẹ́ rí i? Ọmọ náà dúdú bíi kóró iṣin, ó ń dán! Ló bá ní ooru ló sú sí i lára, ó fún wọn ní pàúdà, ó ní kí wọ́n máa lọ. Ọjọ́ kẹta, ìyá ọmọ gbé e sáré padà, ọmọ ń mí hẹlẹhẹlẹ. Èéyi ni. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ọmọ yẹn fi dùbúlẹ̀ sílé ìwòsàn, Ọlọ́run ló sì yọ ọ́. Ó ti di géńdé onírùngbọ̀n báyìí, ó máa ń kí Ìyá Ojú Fèrèsé lójú títì, kò sì mọ ìdí tí màmá yìí fi máa ń wo àyà òun bí ẹni tó ń ka iye ìgbà tóun mí.

Àtìgbà yẹn ni kò ti wá pupa mọ́. "Awọ tiwa kì í dúró kó pupa kó tó ṣàìsàn," ohun tó ń sọ fáwọn nọ́ọ̀sì tó ń kọ́ṣẹ́ nìyẹn. "Ó lè dúdú sí i. Ó lè máa dán. Ó lè má jọ̀lọ̀ mọ́. Ẹ fọwọ́ wò ó, ẹ̀yin ọmọ yìí, kí ojú wá tẹ̀ lé ọwọ́."

Ó dáa. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni aránṣọ kan já wọlé. Téèpù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, abẹ́rẹ́ méjì wà láyà aṣọ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wà léjìká. Ọmọ ọdún méjì ó lé díẹ̀ ni, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n sí Alága, torí tó bá ń rìn, ikùn rẹ̀ ló ń ṣíwájú, òun á wá máa tẹ̀ lé e.

"Màmá, ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀!" Kò tíì jókòó o. "Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé wọ́n gbá ọmọ mi létí!"

"Káàárọ̀, ìyàwó."

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ má bínú. Inú ló ń bí mi."

"Mo rí i. Jókòó, kí abẹ́rẹ́ àyà rẹ má lọ gún Alága."

Aránṣọ jókòó, àmọ́ ẹnu rẹ̀ ò jókòó. "Lánàá ni mo lọ mú un ní jẹ́lé-ó-sinmi. Ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀! Ó wú, ó ń dán, ó gbóná bí áyọ́ọ̀nù mi. Ta ni ò mọ ojú ìgbájú? Mo ti fi ẹjọ́ sun Màdáámù tó ni ibẹ̀, wọ́n sì ti ní kí ẹni tó ń tọ́jú wọn lọ jókòó sílé títí di ọjọ́ Ẹtì. Tí mo bá ti gba ìwé lọ́wọ́ yín pé ìgbájú ni, wọ́n lé e nìyẹn. Kò tún ní fọwọ́ kan ọmọ ẹnikẹ́ni mọ́ láyé."

Ìyá Ojú Fèrèsé dìde. Ó gbé Alága lọ sí ìdí fèrèsé, ó fún un ní ìdì kọ́kọ́rọ́ kó máa fi ṣeré, ó bọ́ ọ sílẹ̀ pátápátá. Ó yí ọwọ́ padà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún gbóná, kò jọ̀lọ̀, ó wú díẹ̀. Tòsì náà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ imú àti yí ẹnu ká, ara ọmọ tutù, ó ń yọ̀ bí ọ̀rá.

"Ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì," ó ní.

"Ẹ ò rí i! Ó gbá a lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn, ìkà ènìyàn!"

"Ìyàwó, ẹni tó bá gbá ọmọ, ọwọ́ kan ló sábà máa ń fi gbá a, ojú ìka á sì wà níbẹ̀. Mi ò rí ìka kankan níbí. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dọ́gba bí ìgbà téèyàn fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n. Jẹ́ kí n bi ọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, tàbí èyí tó ṣáájú ẹ̀, ṣé ọmọ yìí ò ṣe ọ̀fìnkìn?"

Aránṣọ gbójú sókè. "Ta ló sọ fún yín?"

"Ara rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò jẹun dáadáa fún ọjọ́ kan, ọjọ́ méjì, lójijì ó tún ń sáré kiri bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe?"

"Àbí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa lẹ wà ni?"

"Fáírọ́ọ̀sì kan ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Á wọlé bí ọ̀fìnkìn, ẹnikẹ́ni ò ní fura. Ìgbà tó bá ti ń lọ tán ló máa wá kun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ bíi pé wọ́n gbá a. Tó bá ti wá dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ báyìí, kò tún ní ran ẹlòmíì mọ́. Kò nílò oògùn kan, ara ọmọ á lé e lọ fúnra rẹ̀. Ẹni tó lóyún àti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò dáa tẹ́lẹ̀, bí àwọn tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, àwọn nìkan ni mo máa ń bẹ̀rù fún. Ṣé ẹni tó lóyún wà nílé yín?"

"Ká má rí i! Èyí tó wà ńlẹ̀ yìí gan-an ò tíì jẹ́ n sùn."

Ìyá Ojú Fèrèsé rẹ́rìn-ín, ó ń wọ ṣòkòtò fún Alága. "Kí lorúkọ ẹni tó ń tọ́jú wọn níbẹ̀?"

"Àǹtí Gíga làwọn ọmọ ń pè é. Ó ga bí òpó iná."

Ọwọ́ Ìyá Ojú Fèrèsé dúró lórí bọ́tìnnì. Àǹtí Gíga! Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti dolóògbé ni, ọ̀dọ̀ òun àti ọkọ rẹ̀ ló ń gbé láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Láti ìrọ̀lẹ́ àná ni ọmọ náà ti wà nílé, tó ní ìsinmi ni wọ́n fún òun. Ìsinmi! Ká ní Ìyá Ojú Fèrèsé gbé e mì, ta ni ì bá mọ̀? Àmọ́ òtítọ́ kì í ṣìnà, irọ́ ní ń forí gbọgbẹ́.

"Ìyàwó, gbọ́ eléyìí lẹ́nu mi, kó o má lọ gbọ́ ọ níta. Àǹtí Gíga yẹn, ọmọ mi ni. Inú ilé mi ló sùn mọ́jú."

Aránṣọ fò dìde, ó kù díẹ̀ kí àga ṣubú. "Hẹ̀n-ẹ́n! Abájọ! Mo ní ibo ni gbogbo ọ̀rọ̀ ọ̀fìnkìn yìí ti ń bọ̀! Ọmọ yín lẹ ń gbè lẹ́yìn!"

"Ohun tó o máa sọ nìyẹn, o ò sì jẹ̀bi. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní dá nìkan dá ẹjọ́ yìí." Ló bá yọ orí síta, ó ké sí dókítà.

Dókítà Kékeré ni wọ́n ń pe ọ̀gbẹ́ni yìí, torí ọdún tó kọjá ló dé, ojú rẹ̀ sì dà bíi tẹni tó ṣì ń lọ síléèwé. Ọmọlúàbí ni. Ó wo Alága, ó tan fóònù rẹ̀, ó wá àwòrán jáde: àwọn ọmọ aláwọ̀ funfun tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn pọ́n bí ata rodo. Ó wo àwòrán, ó wo Alága. Alága náà wo fóònù, ó fẹ́ gbà á.

"Màmá," ó ní, "kí n má parọ́, mi ò rí pupa kankan. Ó lè jẹ́ ohun tẹ́ ẹ sọ. Ó lè má jẹ́ ẹ. Mi ò lè kọ ọ́ pé wọ́n gbá a, mi ò sì lè kọ ọ́ pé wọn ò gbá a."

"Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án."

Ó fi kàn án. "Ó gbóná lóòótọ́."

"Ẹni tí wọ́n bá gbá létí, ṣé yìnyín ló ń yọ?" Aránṣọ nìyẹn.

Ìyá Ojú Fèrèsé fọwọ́ lé ìbàdí. "Ó dáa. Ara Alága fúnra rẹ̀ ló máa dá ẹjọ́ yìí. Láàárín òní sí ọjọ́ Ẹtì, nǹkan máa jáde sí i lápá àti nítan. Ó máa rí bíi léèsì."

"Bíi kí ni?"

"Léèsì. Aṣọ tó ò ń rán."

"Léèsì wo? Oníhò ńlá àbí oníhò wínníwínní?" Ó ti béèrè tán kó tó rántí pé inú ń bí òun. Dókítà Kékeré yíjú sí ògiri, ó ń fi ikọ́ bo ẹ̀rín mọ́lẹ̀.

"Oníhò ńlá."

"Tí kò bá wá jáde ńkọ́?"

"Kí dókítà kọ ìwé rẹ bó bá ṣe rí i lójú rẹ̀. Mi ò ní dá sí i."

Nígbà tí Ìyá Ojú Fèrèsé délé lọ́jọ́ yẹn, ọkọ rẹ̀ wà nídìí sítóòfù. Bàbá yìí, ọkọ̀ ojú irin ló wà fún ọdún márùndínlógójì. Àtìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, ìkòkò ló kù tó ń wà, tóúnjẹ bá sì ti jinná, bí ẹni tó ń pe èrò ọkọ̀ ló ṣe máa ń pariwo: "Ó fẹ́ gbéra o!" Àǹtí Gíga jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí.

"Ìsinmi ni wọ́n fún ẹ, àbí?"

Omijé bọ́. "Màmá, mi ò gbá a. Ta ló tó gbá Alága? Tí n bá ní kó má wọ bàtà ẹlòmíì, èmi ló ń gbá!"

Ẹ̀rín pa Ìyá Ojú Fèrèsé, ó pa ọmọ náà pẹ̀lú omijé lójú. "Mo mọ̀ pé o ò gbá a. Ọwọ́ mi ti sọ fún mi. Ó ku kí ọmọ náà sọ tiẹ̀."

"Tí kò bá wá sọ ńkọ́?"

Ìyá Ojú Fèrèsé jókòó tì í. Ó mọ̀ pé iṣẹ́ títọ́jú ọmọdé nìkan ni ọmọ yìí fẹ́ láyé, àti pé orúkọ tó bá ti bàjẹ́ ní jẹ́lé-ó-sinmi kan, gbogbo jẹ́lé-ó-sinmi ló ti bàjẹ́ dé.

Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, iṣẹ́ ò dúró. Ọmọ kan wá tí nǹkan olómi wínníwínní sú sí i látẹ́lẹwọ́, látẹ́lẹsẹ̀ àti nínú ẹnu. Ìyá Ojú Fèrèsé ní kí wọ́n fún un ní omi tútù díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n má lé e pẹ̀lú oúnjẹ. Òmíì, ibà ọjọ́ mẹ́ta ló ṣe, ibà lọ, ara wá sú wìì. Ìyá rẹ̀ ń sunkún, Ìyá Ojú Fèrèsé ń rẹ́rìn-ín: "Àìsàn ló ń dágbére yẹn, má sunkún mọ́." Dókítà Kékeré náà ti pe jẹ́lé-ó-sinmi pé kí olùkọ́ wọn kan tó lóyún wá yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, àyẹ̀wò ní fáírọ́ọ̀sì tí màmá ń sọ yìí ti ṣe é rí ní kékeré, kò lè ṣe é mọ́. Gbogbo ẹ̀ ń lọ dáadáa. Àmọ́ tí ilẹ̀kùn bá ti dún, ojú Ìyá Ojú Fèrèsé á ti débẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, aránṣọ ló kọ́kọ́ wọlé. Ó ká apá aṣọ Alága sókè bí ẹni tó ń fi ọjà han oníbàárà.

"Léèsì dà?"

Ìyá Ojú Fèrèsé gbé e lọ sí ìdí fèrèsé. Ó wo apá. Ó wo itan. Ara ọmọ ń dán, kò sí nǹkan kan. Ó rántí ọmọ tó dúdú bíi kóró iṣin, ó rántí pàúdà tó fún wọn. Ṣé ó tún ti ṣi ọwọ́ fi kàn án? Dókítà Kékeré ti wọlé, ó mú bíírò dání, kò fẹ́ wo ojú màmá.

Ìyá Ojú Fèrèsé di ojú, ó tún fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan apá Alága. Ló bá la ojú.

"Kí ló mú kí ara ọmọ yìí tutù tó báyìí?"

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ ẹ́ ni. Omi tútù. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń fi omi tútù wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn lè rọlẹ̀. Mo tún ń fi aṣọ tútù rọ̀ ọ́ kiri ara."

"Lálẹ́ náà?"

"Lálẹ́ náà."

Ẹ̀rín tí Ìyá Ojú Fèrèsé rín, àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì níta gbọ́ ọ. "Ìyàwó, o ti ń lé e padà sínú ilé látọjọ́ yìí, o wá ń bi mí pé kò jáde! Òtútù ló ń sá fún. Ooru ló ń mú un yọjú. Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé bàsíà yẹn."

Wọ́n po omi lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ ọ wò, wọ́n gbé e sí ìdí fèrèsé, Alága wọ̀ ọ́ bí ọba tó ń gorí ìtẹ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì lu omi, gbogbo ẹ̀ dà sí ṣòkòtò Dókítà Kékeré. Wọ́n jẹ́ kó ṣeré díẹ̀. Ìyá rẹ̀ gbé e jáde, ó fi táwẹ́ẹ̀lì bò ó, ó ń nù ún lápá, ó ń kùn.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Ẹ dúró ná."

Ó gbé apá ọmọ sínú ìmọ́lẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ síbí, ó tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún, gẹ́lẹ́ bó ṣe máa ń ṣe tó bá fẹ́ ra aṣọ tí kò dá a lójú. Ó fi àtàǹpàkò tọ́ ọ lọ láti ìgbọ̀nwọ́ dé èjìká. Ilà tó ṣókùnkùn díẹ̀ ju ara lọ ń kọjá, ó ń yí ká, ó ń so kọ́ra, àárín wọn mọ́.

"Òdòdó rèé," ó ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Ihò rẹ̀ rèé. Ibi tí wọ́n ti so ó rèé." Ó gbé apá kejì, ó ṣí itan. "Ó bára mu! Màmá, ó bára mu lápá méjèèjì! Léèsì ni! Oníhò ńlá!"

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Kò sí ẹni tó lè fi ìgbájú rán irú eléyìí." Ó jókòó gbì. "Yéè. Mo ti ṣe ọmọ ọlọ́mọ báṣubàṣu."

Dókítà Kékeré bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kóun ya àwòrán apá náà. Ó ní òun fẹ́ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ ata rodo yẹn, kí ẹni tó bá tún wá kọ́ṣẹ́ lẹ́yìn òun má bàa máa wá pupa kiri. Ó wá ṣí bíírò rẹ̀. "Kí ni kí n kọ?"

"Ẹ kọ fáírọ́ọ̀sì! Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà gàdàgbà!" Kí bíírò tó kan ìwé, aránṣọ ti ń bá Màdáámù sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó ń pariwo pé òun ló ṣì, òun ló jẹ̀bi, kí Àǹtí Gíga padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, kí wọ́n jọ̀ọ́. Nígbà tó pa fóònù tán ni ohùn rẹ̀ tó wá lọ sílẹ̀. "Màmá, ojú wo ni mo fẹ́ fi wò ó?"

"Méjèèjì. Wá sílé wa nírọ̀lẹ́."

Ó wá o. Oòrùn ò tíì wọ̀, ó gbé Alága dání, téèpù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Àǹtí Gíga wà lórí àtẹ̀gùn rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, kò dìde.

"Àǹtí, ẹ forí jì mí. Ojú mi ni mo gbà gbọ́, mi ò bi yín léèrè."

"Ẹ bà mí lórúkọ jẹ́ níwájú gbogbo olùkọ́."

"Mo mọ̀. Níwájú gbogbo wọn náà ni mo ti máa bẹ̀ yín lọ́jọ́ Ajé. N ò ní sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́."

"Ẹ̀yin? Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́?" Ìyá Ojú Fèrèsé rí i tí ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọmọ rẹ̀ mì díẹ̀.

"Mo sì fẹ́ wọ̀n yín." Aránṣọ ti fa téèpù yọ. "Gbogbo gáùn tẹ́ ẹ ń wọ̀, orúnkún ló ń parí sí. Mo ti ń wò ó láti ọjọ́ yìí, ó ń dùn mí. Mo máa rán èyí tó dé kókósẹ̀ fún yín."

"Àfi kẹ́ ẹ so téèpù méjì pọ̀," ni Àǹtí Gíga wí, ó sì dìde nílẹ̀. Ó ń dìde lọ, ó ń dìde lọ, aránṣọ ń wò ó lọ sókè.

Alága náà wò ó lọ sókè. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ikùn ṣíwájú, ó rìn débẹ̀, ó gbé ọwọ́, ó gbá Àǹtí Gíga lórúnkún, pá!

"Ẹ wò ó!" Àǹtí Gíga nawọ́ sí i. "Ẹ wò ó o! Ẹni tó ń gbá èèyàn nílé ìwé wa rèé!"

Ẹ̀rín sọ. Aránṣọ di ògiri mú. Ìyá Ojú Fèrèsé nu ojú, ó yí ọwọ́ padà, ó fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ Alága. Ó ti ń tutù, ó ti ń jọ̀lọ̀.

Láti inú kíṣìnnì, ohùn awakọ̀ ojú irin dún: "Ó fẹ́ gbéra o! Òpó iná, ìwọ àti àwọn àlejò rẹ, ẹ wọlé wá jẹun!"